Ọlọ́lá Betero Wẹ Mẹ́mọ́rì ní Lọ́fíńdà

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Betero Nakibae, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pè é bó ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pe òun, kó má baà bínú sí mi: Ọlọ́lá Jùlọ, Olórí Ìgbìmọ̀ Erékùṣù, Alága Gbogbo Alága, Ẹni-Tí-Bàálù-Ń-Dúró-Dè. Orúkọ tó kẹ́yìn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi jẹ ara rẹ̀, lọ́jọ́ tí bàálù pẹ́ kó tó gbéra nítorí pé ẹlẹ́dẹ̀ kan sùn sójú ọ̀nà rẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa kò fẹ̀. Bí o bá sín létí òkun, ẹni tó wà létí ọ̀sà lódì kejì á kí ọ. Nínú maneaba, gbọ̀ngàn ńlá tí gbogbo ìlú ti ń pàdé, orí ẹní ni gbogbo wa ń jókòó sí, àgbà àti èwe, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ibi tí baba ńlá rẹ̀ jókòó sí. Betero nìkan ló gbé àga wọ ibẹ̀. Nígbà tó rí i pé àga náà ò ga tó, ó ní kí wọ́n to pákó mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Láti òkè níbẹ̀ ló ti ń sọ fún wa pé ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wa.

Kò sí nǹkan tuntun tí kì í fi ayẹyẹ ṣí. Ó ṣí tánkì omi. Ó ṣí ilẹ̀kùn tuntun tí wọ́n fi sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì sọ̀rọ̀ títí ìrẹsì fi jóná lórí iná ní gbogbo ilé. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ́ sétí èbúté, òun ló kọ́kọ́ wọlé, àwa sì dúró síta, à ń pàtẹ́wọ́, títí ó fi jáde. Akọ̀wé rẹ̀, Ioteba, ló ń darí àtẹ́wọ́ náà. Iṣẹ́ tí ìjọba gba Ioteba fún ni ìwé kíkọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni kó máa rẹ́rìn-ín kí àwàdà ọ̀gá rẹ̀ tó parí.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan, bàálù gbé páálí kékeré kan wá fún kílíníìkì. Mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn ju ìka àárín lọ, tó ní eyín aláwọ̀ wúrà létí. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì Nọ́ọ̀sì Tiroia tí kò tóbi ju agolo bísíkíìtì lọ, òun sì nìkan ni ilé ìwòsàn tó wà ní Fíjì fi ń bá wa sọ̀rọ̀ tí a fi ń rí ojú ara wa. Ṣùgbọ́n iyè inú rẹ̀ kéré. Bó bá gbé àwòrán, á gbàgbé ohùn. Bó bá rántí ohùn, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á là sílẹ̀, kò sì ní pa á dé mọ́. Nígbà tó bá yá, gbogbo rẹ̀ á kú fin-ín. Mẹ́mọ́rì tuntun yìí ni wọ́n fẹ́ fi kún ti àtijọ́, kó lè máa rántí nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni Bwakoua. Meere ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà ní Fíjì pẹ̀lú àǹtí rẹ̀. Ihò wà nínú ọkàn ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn dókítà sì fẹ́ ṣí àyà rẹ̀ láti dí i. Ìjọba kì í sanwó ọkọ̀ fún ju ẹnì kan lọ láti tẹ̀ lé aláìsàn, Bwakoua sì ní ìkókó tó ń mu ọmú lọ́wọ́. Àǹtí ti ránṣẹ́ wá pé Meere ò jẹun, kò sì sọ̀rọ̀, àfi pé òun fẹ́ rí ojú ìyá òun kí wọ́n tó gbé òun wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ohùn ò tó o. Ó ti gbọ́ ohùn. Dókítà ní kí wọ́n pè ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò sì sí àyè mìíràn.

Nọ́ọ̀sì Tiroia ò fi àkókò ṣòfò. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó yọ wáyà iná, ó fi sukudíráfà tú ìdérí rẹ̀. Iṣẹ́ tó kù ò tó ohun tí èèyàn ń jókòó ṣe. Wọ́n á ti pátákó náà wọ ihò rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi dún kẹ́ tí wọ́n á dì í mú, wọ́n á sì dá ìdérí padà. Bwakoua dúró tì í, ó ń mi ìkókó rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ioteba sáré wọlé.

"Ẹ dúró! Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró ńbẹ̀! Ọlọ́lá ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án!"

"Kí ló dé? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara ta ni?"

"Ara mẹ́mọ́rì. Èmi sá ni nọ́ọ̀sì, mo rò pé ó yẹ kí n bèèrè."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ wá fẹ́ ti mẹ́mọ́rì ìjọba bọ ihò báyìí, bí ẹni ń ti ìka bọ imú? Ta ló ṣí i? Ta ló gbàdúrà? Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni mo sọ̀rọ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Mo ní, 'Níbo ni mo gbé sukudíráfà sí?'"

Bwakoua di ọwọ́ Ioteba mú. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí àyà ọmọ mi."

"Ìyá Meere, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọlọ́lá mọ̀ sí i. Ó tiẹ̀ ti fi orúkọ ọmọ yín sínú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Lẹ́yìn orúkọ tirẹ̀ ló wà."

Ó gbé páálí náà sórí ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ẹyin, ó sì lọ.

Àwọn obìnrin méjèèjì tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì. Betero jókòó níwájú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìbejì ni kọ̀ǹpútà náà àti ti kílíníìkì; ọjọ́ kan náà ni àwọn tó ta wá lọ́rẹ kó wọn dé. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, Betero ní kí wọ́n fi mẹ́mọ́rì ńlá méjì sí tòun ná, nítorí pé orí ló yẹ kó kọ́kọ́ rántí nǹkan, ẹsẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí orí yìí ń rántí, ayò káàdì ni. Ó ń ta á láàárọ̀, ó ń ta á lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà náà ò sì dákú lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó jẹ́ káwọn yá a fún ìpè. Ó ní òun ṣì ń rò ó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ètò tí Fíjì fi ń dá wa mọ̀, inú ti kílíníìkì nìkan ló wà.

"Nọ́ọ̀sì," ni Betero wí, kò gbójú sókè, "mẹ́mọ́rì yìí, ṣé á rántí ẹni tó fi í sípò?"

"Rárá, sà. Bí wọ́n bá ti paná, gbogbo ohun tó mọ̀ ló máa gbàgbé. Bí tábìlì ìdáná ló rí. Bí a bá se oúnjẹ tán, a ó nù ún."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

"Títí kan orúkọ mi?"

"Orúkọ yín ló máa kọ́kọ́ lọ, sà."

Ioteba ti la ẹnu ẹ̀rín sílẹ̀. Ó tún rọra pa á dé. Betero fi káàdì sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ dúró sójú fèrèsé, ó wo òkun tí kò mọ orúkọ rẹ̀ bákan náà. Nígbà tó yíjú padà, àṣẹ ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Nígbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ paná. Iná á wà lára kọ̀ǹpútà nígbà tí mo bá ń fi í sípò, kí mẹ́mọ́rì lè la ojú rí mi. Lẹ́yìn náà, wọn ò ní pa á mọ́ láéláé."

"Sà, wọn kì í fi í sí i tí iná bá wà. Ó lè jó."

"Nọ́ọ̀sì! Ṣé olóyè ni ẹ fẹ́ fi joyè lójú oorun?"

"Ó dára bẹ́ẹ̀, sà!" ni Ioteba ké. "Ọgbọ́n yìí mà pọ̀ o!"

Bwakoua ní, "Ọlọ́lá, ẹ bá mi ṣe é lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Tàbí lọ́la. Ọmọ mi ń dúró."

"Ọmọ wa!" ni Betero wí. "Ọmọ gbogbo wa ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ṣe é tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Lọ́la kọ́, ẹ̀wù funfun mi ṣì wà lórí okùn."

Báyìí ni ọkàn ọmọdé ṣe dúró de ẹ̀wù kó gbẹ. Ẹ̀yin tó ń kà á, mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Inú bí àwa náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ioteba wá láti ojúlé dé ojúlé pé kí a wá pàtẹ́wọ́, a fọ ọwọ́ wa, a sì lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n gbé mẹ́mọ́rì náà lé orí ìrọ̀rí, wọ́n gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù Ìgbìmọ̀, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà láti ìpẹ̀kun erékùṣù dé ìpẹ̀kun rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń kọrin fún un. Ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì rò pé òkú ló ń kọjá, ó sì sunkún.

Nínú maneaba, wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà kílíníìkì sórí tábìlì, inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún, fáànù kékeré inú rẹ̀ ń yí. Betero gun àga rẹ̀, ó fi awò dúdú sójú, ó di gbohùngbohùn mú.

"Kí ni ìrántí?" ni ó bi wá. A ò mọ̀. "Ìrántí ni èmi! Bí èmi ò bá sí, ta ni ì bá rántí pé ẹ wà? Lónìí, kọ̀ǹpútà yìí, tó jẹ́ òmùgọ̀ látẹ̀yìnwá, á di ọlọ́gbọ́n lọ́wọ́ ọlọ́gbọ́n! Wọ́n á gbọ́ ní Fíjì! Wọ́n á gbọ́ ní Ọsirélíà! Wọ́n á bèèrè pé, 'Ta ló ṣe é?'"

"Ọlọ́lá ni!" ni Ioteba dáhùn.

"Ṣé ohun kan wà tí ẹ tọrọ lọ́wọ́ mi tí ẹ ò rí gbà? Kò sí! Kò sẹ́ni tó bubuti mi rí tó lọ lọ́wọ́ òfo!"

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí. Nílẹ̀ wa, bí ẹnì kan bá ṣí ẹnu tọrọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, bubuti nìyẹn, o ò sì gbọdọ̀ kọ̀. Ẹni tó bá kọ̀, ìtìjú rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni pé Betero ò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Bó bá ti rí ẹni tó fẹ́ bubuti òun lójúde, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n maneaba ò ní ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí yíká.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, Betero sọ̀ kalẹ̀, ó mú mẹ́mọ́rì, ó tì í. Kò wọlé. Òdì ló dojú rẹ̀ kọ.

"Ojú ló ń tì í, sà," ni Ioteba wí.

Nọ́ọ̀sì Tiroia bá a yí i padà. Ó wọlé, irin ẹ̀gbẹ́ dún kẹ́, a pàtẹ́wọ́. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá orí ì bá kó wa yọ. Ṣùgbọ́n Betero gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná. Àlejò tó ti òkè òkun wá, ṣé a ó gbà á láìyẹ́ ẹ sí?"

Báyìí ni a ṣe ń yẹ́ àlejò àti oníjó sí nílẹ̀ wa: a ń da àtíkè sí wọn lọ́rùn, a sì ń fín lọ́fíńdà sí wọn lára. Betero bu àtíkè, ó bù ú wọ́n inú kọ̀ǹpútà. Ioteba, kó lè fi hàn pé ìfẹ́ tòun jinlẹ̀ jù, da odindi agolo sí i. Fáànù gbà á, ó fẹ́ ẹ jáde, ojú àwọn tó wà níwájú funfun bí ìyẹ̀fun. Àwọn èèyàn tò. Olùkọ́ da tirẹ̀, ìyá oníṣọ́ọ̀bù da tirẹ̀.

"Ẹ má fi omi kankan kàn án o!" ni Nọ́ọ̀sì ń pariwo. "Iná wà lára rẹ̀! Ẹ gbọ́ mi!"

"Lọ́fíńdà kì í ṣe omi," ni Betero wí. "Owó gọbọi ni mo fi rà á." Ó sì fín in, láìka iye ìgbà.

Kọ̀ǹpútà dún pàá. Èéfín aláwọ̀ búlúù kan yọ, ó ń ta sánsán bí ìyàwó tuntun tí iná jó. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, fáànù dúró.

"Ẹ rí i!" ni Betero ké. "Ó ti gba ẹbọ wa!"

Ioteba pàtẹ́wọ́. Ẹ forí jì wá, àwọn kan bá a pa á.

Nọ́ọ̀sì fa wáyà yọ. Ó tẹjú mọ́ inú kọ̀ǹpútà, ó yọ pátákó méjèèjì, tuntun àti ògbólógbòó, ó gbé wọn sókè kí gbogbo wa rí i. Eyín wọn ti dúdú. "Mẹ́mọ́rì méjèèjì ti kú," ni ó wí. "Ara tó kù ṣì wà láàyè. Mo lè fi sípíríìtì fọ ihò wọn. Ṣùgbọ́n kí ni n ó fi sínú rẹ̀?"

Betero tún ti gun àga rẹ̀. "Ìgbìmọ̀ ìwádìí á jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́mọ́rì aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n tà fún wa, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọlá. A ó ra òmíràn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta..."

Ìgbà yẹn ni Bwakoua dìde níbi ìjókòó ìdílé rẹ̀. Ó gbé ìkókó rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rìn wá, ó sì jókòó sórí ẹní níwájú àga gíga náà. Kò pè é ní Ọlọ́lá.

"Betero. Mo wá bubuti ọ."

Betero wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Èèyàn ló wà níbi gbogbo.

"Mẹ́mọ́rì tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ," ni Bwakoua wí. "Méjèèjì ni mo ń tọrọ."

"Ìyá Meere, ìyẹn... àṣírí ìjọba ló wà níbẹ̀ o."

"Àti pé ayò rẹ̀ ò tíì parí," ni Ioteba sọ, ó rò pé ìrànlọ́wọ́ lòun ń ṣe.

Ẹ̀rín bú. Ẹ̀rín tí a ti gbé mì láti ọjọ́ ilé ìgbẹ́ etí èbúté, ọjọ́ yẹn ló jáde. Bwakoua nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, omijé ń bọ́ sínú wọn, kò sì gbé wọn kúrò.

"Gbà," ni Betero wí nígbẹ̀yìn. "Lọ mú un."

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ògiri ti lanu wàyí. Burangke apẹja dìde: "Betero, mo bubuti awò dúdú yẹn. Oòrùn orí omi ń fọ́ mi lójú." Ó gbà á. Olùkọ́ bubuti gbohùngbohùn fún ilé ìwé, ó gbà á. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní, "Ọmọ mi, ilé ẹlẹ́dẹ̀ mi ń jò. Mo bubuti pákó abẹ́ àga yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Wọ́n yọ wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ, òun sì wà lórí àga, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ẹlòmíràn bubuti àga náà fún ìyá rẹ̀ tí orúnkún ń dùn. Betero wá di ẹni tó jókòó sórí ẹní, níbi tí baba rẹ̀ ń jókòó sí, ẹ̀wù funfun rẹ̀ sì kún fún àtíkè.

Ioteba kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Sà, èmi náà fẹ́ bubuti yín."

"Ìwọ náà? Kí lo fẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n sinmi ẹ̀rín, sà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí."

Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni Bàbá Toanuea, àgbà jùlọ nínú àwọn àgbà wa. Kò dìde, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Betero ọmọ mi, mo ti darúgbó, ohun tí ẹnu mi lè jẹ ò pọ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bubuti. Ipò Olórí Ìgbìmọ̀. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni n ó lò ó, mo fẹ́ kó sinmi ni."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin á sọ pé ipò ìjọba kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bubuti. Ẹ jàre. Bí Betero bá kọ̀, òfin á gbè é, ṣùgbọ́n òfin ò ní bá a jókòó sínú maneaba ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó tẹ orí ba.

"Ẹ gbà á, Bàbá," ni ó wí.

Kí oòrùn tó wọ̀, Nọ́ọ̀sì Tiroia ti fi sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àtíkè kúrò ní gbogbo kọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó gbé e sínú afẹ́fẹ́ kó gbẹ, ó ti mẹ́mọ́rì Betero méjèèjì wọlé, ó dé ìdérí lé e, ìgbà yẹn ló tó tan iná. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kọ̀ǹpútà jí, ó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, gbogbo wa yí kílíníìkì ká, à ń yọjú lójú fèrèsé. Aago méje lù, Nọ́ọ̀sì pe Fíjì. Ojú Meere yọ gbangba, kò já, kò dì, fìlà ilé ìwòsàn wà lórí rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, a sì gbọ́ ohùn tó bá ètè náà mu. Bwakoua ṣáà ń na ọwọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà.

Ẹnu ọ̀nà ni Betero gbà wọlé. Ojú rẹ̀ kéré láìsí awò. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn Bwakoua.

"Ìyá Meere, mo bubuti yín. Ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ náà sọ̀rọ̀."

"Ojú ò tilẹ̀ tì ọ́!" ni Nọ́ọ̀sì wí.

Ṣùgbọ́n bubuti ni bubuti. Bwakoua dìde fún un. Betero jókòó, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́.

"Ọmọ mi, ní orúkọ Ìgbìmọ̀ Erékùṣù yìí, ní orúkọ..." Ó dúró. Ó wá orúkọ tó kù títí, kò rí i.

Meere ń wò ó.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ò jẹ́ kí n rí ìyá mi."

Betero sún. Nígbà tó yá, ó dìde, ó jáde bá wa níta, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo wa ń tẹ́tí sí ohùn ọmọdé tó ń bọ̀ láti inú ilé.

"Ìyá, mo ti rí yín. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀ wá gbé mi."